Apó Ọta Kì í Ṣe Ìyẹ̀wù: Èdè-Ìperí fún Yíyàn àti Mímúra Ìbọn Aṣánálétí Sílẹ̀ fún Ẹ̀kọ́ Àtamátàsé

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, "Ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ìbọn sí òun?" Ọ̀rọ̀ ààbò ni òwe yìí kí ó tó di ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọkàn tán ìbọn nítorí pé a sọ fún un pé kò lè ṣe nǹkan kan. Olùkọ́ tí ń kọ́ni ní ìbọn yíyìn lóde òní kò ní òfin tí ó ju èyí lọ.

Ohun tí ó mú òǹkọ̀wé yìí gbé kálámù ni gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó wọ́pọ̀ nínú ìwé ìtọ́ni ìbọn. Gbólóhùn náà ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ yọ ohun tí a to ọta sí kúrò lára ìbọn, lẹ́yìn náà kí ó wá wo ihò tí ọta kan máa ń wọ̀ sí kí ìbọn tó dún. Nǹkan méjì ni ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ó rọrùn fún olùtumọ̀ láti pe àwọn méjèèjì ní "ilé ọta", nítorí pé ọta ń gbé inú àwọn méjèèjì. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò yọ "ilé ọta", yóò wo inú rẹ̀, kò ní rí nǹkan kan, yóò sì gbà pé ìbọn ti ṣófo. Bẹ́ẹ̀ ni ọta kan ṣì jókòó ní ìdí ọ̀pá ìbọn. Bí èdè-ìperí bá ṣìnà nínú ìwé gírámà, máàkì ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò pàdánù. Bí ó bá ṣìnà níhìn-ín, ẹ̀mí ni.

Nítorí náà, a ó tẹ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ìgbà tí ó bá ń yan ìbọn títí di ìgbà tí yóò fi dé orí pápá, a ó sì máa dábàá ọ̀rọ̀ fún ohun kọ̀ọ̀kan bí a bá ti ń kàn án. Ibi tí èdè àwọn ọdẹ àti àwọn tafàtafà bá ti ní ọ̀rọ̀ sílẹ̀, a ó lò ó. Ibi tí kò bá sí, a ó ṣẹ̀dá rẹ̀.

2. Ẹ̀kọ́ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ

Ẹ̀kọ́ tí a mú ṣe àpẹẹrẹ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Project Appleseed ní Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe ti èrè, Revolutionary War Veterans Association, ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 2006. Ọjọ́ méjì, Sátidé àti Sọ́ńdè, ni wọ́n sábà máa ń fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà, tọmọdé tàgbà sì ni ó ń wá síbẹ̀. Láàárín ìbọn yíyìn, àwọn olùkọ́ a máa sọ ìtàn ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1775, ọjọ́ tí ogun òmìnira Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀ ní Lexington àti Concord.

Mítà 25 péré ni àwòrán tí wọ́n ń ta máa ń wà sí akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ àwòrán náà di kékeré, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹni pé ó wà ní yáàdì 100, 200, 300 àti 400. Ìpele mẹ́rin ni ìdánwò wọn ní, ọta 10 sì ni fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́, orí ìdúró ni, ìṣẹ́jú 2 ni wọ́n sì fún un. Ti èkejì, orí ìjókòó tàbí ìkúnlẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 55. Ti ẹ̀kẹta, ìdùbúlẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 65. Ti ẹ̀kẹrin, ìdùbúlẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 5 ni. Máàkì ìpele kẹrin jẹ́ ìlọ́po méjì, nítorí náà 250 ni gbogbo máàkì. Ẹni tí ó bá gba 210 ni wọ́n ń fi oyè Rifleman dá lọ́lá. Kò sí ìdí tí a ó fi wá ọ̀rọ̀ tuntun fún oyè yìí: Atamátàsé ni Yorùbá ti ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ọfà. Ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ ni a pè ní ẹ̀kọ́ àtamátàsé.

3. Ìbọn onílà àti ọta aṣánálétí

Ìbọn ṣakabùlà tí àwọn bàbá wa mọ̀, inú ọ̀pá rẹ̀ ń dán ni. Ẹnu rẹ̀ ni a ti ń kì í: a ó da ẹ̀tù sí i, a ó fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, a ó sì fi ọta lé e. Ìbọn tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín yàtọ̀. Wọ́n ti fi irin kọ ilà sí inú ọ̀pá rẹ̀, àwọn ilà náà sì ń yí lọ bí okùn tí a lọ́. Ilà wọ̀nyí ni wọ́n ń mú kí ọta máa pòòyì bí ó ti ń jáde, pípòòyì yìí ni kì í sì í jẹ́ kí ọta ṣe ségesège lójú ọ̀nà. Nínú ọ̀pá ìbọn irú èyí, ilà náà sábà máa ń yí ká lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí mìlímítà 406.

A dábàá ìbọn onílà fún un. Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín ojú tí a kọ ní ilà àti ojú bọ̀rọ́, nítorí náà òye ọ̀rọ̀ náà kò ní ṣòro. Èyí tí kò ní ilà a lè pè ní ìbọn abinúbọ̀rọ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó tún gba ìrònú ni ọta. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọta ni ohun tí ń jáde lẹ́nu ìbọn, ọta náà sì ni odidi ohun tí a ń rà ní páálí. Èyí kò dára tó fún ìwé ìmọ̀, kò sì dára tó fún ilé ẹjọ́. Bí ẹlẹ́rìí bá ní òun rí "ọta" nílẹ̀, kí ni ògbufọ̀ yóò sọ fún adájọ́? Ṣé èyí tí a kò tíì yìn ni, ṣé òjé tí ó ti gba ara ènìyàn kọjá ni, tàbí idẹ òfìfo tí ìbọn tu dànù? Ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan lè yí ẹjọ́ padà. Àbá wa ni pé kí ọta dúró fún òjé tí ń fò nìkan. Odidi rẹ̀, kí a yá kátíríìjì lò. Idẹ tí ó gba ẹ̀tù àti ọta mọ́ra, kí a pè é ní àkọ̀ ọta, nítorí pé bí idà bá jáde, àkọ̀ ni ó ń kù sílẹ̀.

Kátíríìjì tí ẹ̀kọ́ yìí ń lò ni .22 Long Rifle, tí ó ti wà láti ọdún 1887. Ọta rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 5.6, ó sì sábà máa ń wọn gíráàmù 2.6. Òun náà ni wọ́n ń lò nínú ìdíje ìbọn onílà ti mítà 50 ní Òlíḿpíìkì. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni ibi tí iná rẹ̀ ti ń ràn. Nínú ọ̀pọ̀ kátíríìjì ńláńlá, àárín ìdí ni oògùn tí ń ṣáná wà. Nínú èyí, oògùn náà wà nínú etí ìdí àkọ̀ yíká, bí ìṣẹ́po etí aṣọ. Abẹ́rẹ́ ìbọn a gún etí náà pa mọ́ra, oògùn a gbiná, ẹ̀tù a sì gbà á. Nítorí náà ni a ṣe pè é ní kátíríìjì aṣánálétí, tí a sì pe èkejì ní kátíríìjì aṣánáláàárín. Ìbọn tí ń lò ó ni ìbọn aṣánálétí. Etí tí a ti gún pa kò ṣeé tún lò mọ́, ìdí nìyí tí a kì í fi í tún ẹ̀tù rọ sínú àkọ̀ aṣánálétí.

4. Apó àti ìyẹ̀wù

A padà sí ọ̀rọ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a to kátíríìjì sí, tí a lè yọ, tí a lè fi sínú àpò aṣọ, ni a dábàá pé kí a pè ní apó ọta. Apó ni tafàtafà ń kó ọfà sí, ó ń gbé e kọ́ èjìká, ó sì lè bọ́ ọ sílẹ̀. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà nìkan ni a fẹ̀ lójú. Kí olùkọ̀wé ṣọ́ra kí ó má kọ ọ́ ní àpò, nítorí pé ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ihò tí ó wà ní ìdí ọ̀pá ìbọn, níbi tí kátíríìjì kan ṣoṣo ń wọ̀ kí ó tó dún, ni a pè ní ìyẹ̀wù ọta. Ìyẹ̀wù ni yàrá inú lọ́hùn-ún, ibi tí àlejò kì í dé, ibi tí a kò lè rí láti ìta bí a kò bá ṣí ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyẹ̀wù ìbọn rí. Irin tí ó ń ti ìdí rẹ̀ pa, tí a ń fà sẹ́yìn, ni ilẹ̀kùn ìyẹ̀wù.

Àǹfààní àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni pé wọ́n ń fi ìṣe ìbọn hàn. Nínú ìbọn tí ń kì ara rẹ̀, bí ọta kan bá ti jáde, ilẹ̀kùn a fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, a tu àkọ̀ òfìfo dànù, a sì ti kátíríìjì mìíràn láti inú apó wọ inú ìyẹ̀wù. Ẹni tí ó bá yọ apó ní àsìkò yìí kò tíì tú ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ rárá. Ìtọ́ni tí ó péye nìyí: yọ apó, fa ilẹ̀kùn sẹ́yìn, kí o sì dá a dúró síbẹ̀, fi ojú wo inú ìyẹ̀wù, ti ìdè apátí, ki àsíá ìyẹ̀wù bọ inú rẹ̀. Àsíá ìyẹ̀wù ni ike aláwọ̀ títàn tí kò lè wọ inú ìyẹ̀wù bí kátíríìjì bá wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró lókèèrè pàápàá yóò rí i. Lẹ́yìn èyí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìbọn mọ́ nígbà tí àwọn ènìyàn bá lọ wo àwòrán wọn.

Apátí tí òwe wa dárúkọ ni a ń lò fún ohun tí ìka ń fà. Ìdè apátí ni ohun tí kì í jẹ́ kí ó ṣeé fà. Kí olùkọ́ má ṣe pè é ní "ààbò", nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Irin ni, irin sì lè bàjẹ́.

5. Yíyàn ìbọn

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni a fi ń kì ìbọn aṣánálétí. Ìbọn akìraarẹ̀ ń kì ara rẹ̀ bí a ti ṣàlàyé. Ìbọn afọwọ́kì ń fẹ́ kí a fi ọwọ́ ṣí ilẹ̀kùn, kí a sì tún un tì, fún ọta kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì ni ẹ̀kọ́ náà gbà. Afọwọ́kì dára fún ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, nítorí pé ó ń kọ́ ọ ní sùúrù, ojú rẹ̀ sì ń wà lára ìyẹ̀wù nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n ìpele kejì àti ìkẹta ń fẹ́ ọta 10 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 55 tàbí 65, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì pààrọ̀ apó lágbedeméjì. Ibẹ̀ ni akìraarẹ̀ ti ń rọrùn jù.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni Ruger 10/22, tí ó jáde ní ọdún 1964. Apó rẹ̀ ń gba kátíríìjì 10, ó sì ń yí po nínú bí àgbá kékeré. Ìbọn náà fúyẹ́, ó ń wọn nǹkan bíi kílógíráàmù 2.3. Àwọn ìbọn kan wà tí apó wọn kì í yọ, tí ó jẹ́ ọ̀pá gígùn lábẹ́ ọ̀pá ìbọn. Irú èyí kò rọrùn fún ìpele tí a ti ń pààrọ̀ apó.

Kí ni ìdí tí a fi yan aṣánálétí dípò ìbọn ńlá? Owó kátíríìjì rẹ̀ kò pọ̀, ariwo rẹ̀ kò le, kì í sì í ta èjìká lẹ́yìn. Ẹni tí ìbọn bá ń ta lẹ́yìn yóò máa gbọ̀n kí ó tó fa apátí, gbígbọ̀n yìí sì ni àkóbá tí ó burú jù fún akẹ́kọ̀ọ́.

6. Mímúra ìbọn sílẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ ni ìdí ìbọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìdí ìbọn òfìfo sí ìtẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Bí ìka rẹ̀ bá kan apátí wẹ́rẹ́, gígùn ìdí náà bá a mu. Bí ó bá ní láti nà án, ìdí náà gùn jù fún un. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ni a ń dá lẹ́bi pé wọn kò mọ ìbọn yìn, tí ó sì jẹ́ pé ìdí ìbọn àgbàlagbà ni a gbé lé wọn lọ́wọ́.

Èkejì ni ọ̀já ìbọn. Kì í ṣe láti fi gbé ìbọn kọ́ èjìká nìkan ni ó wà fún. A ń fi ọ̀já di apá òsì mọ́ ìbọn lókè iṣan apá, tó bẹ́ẹ̀ tí egungun ni yóò máa gbé ìbọn dípò ẹran ara. Aṣọ òwú tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 32 ni ó dára jù. Ìyá tí ó fi ọ̀já pọn ọmọ lè fi ọwọ́ méjèèjì ṣiṣẹ́, ọmọ kò sì ní já bọ́. Ìdí tí a fi yan ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni ìwò, ìyẹn ohun tí ojú ń gbà wò. Ìwò iwájú wà nítòsí ẹnu ìbọn, ìwò ẹ̀yìn sì wà nítòsí ojú. Ìwò ẹ̀yìn oníhò, tí a ń yọjú gba inú rẹ̀, sàn fún ẹ̀kọ́ yìí ju oníyàrà lọ, nítorí pé ojú fúnra rẹ̀ ń wá àárín ihò. Kí ojú mọ́ kedere lára ìwò iwájú, kí àwòrán sì dà bí ẹni pé ó ṣú díẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá dára mọ́ lè lo awò ìbọn, tí ń mú ohun òkèèrè súnmọ́ni. Kí agbára awò náà má pọ̀ jù.

Ẹ̀kẹrin ni kí a wo àwọn bóòtù tí ó so irin mọ́ igi, àti èyí tí ó so awò mọ́ irin, kí wọ́n le dáadáa. Ìkarùn-ún ni kí a dán oríṣi kátíríìjì mẹ́ta tàbí mẹ́rin wò. Ìbọn aṣánálétí a máa ní ẹ̀yà tí ó fẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ dùbúlẹ̀, kí ó ta ọta 5 nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan sí àmì kan náà, kí ó sì wo agbo ihò tí wọ́n ṣe. Oríṣi tí agbo rẹ̀ bá kéré jù ni kí ó rà.

7. Ìdá-ọgọ́ta àti ìmúbámu

Ìmúbámu ni a pe iṣẹ́ mímú ìwò bá ibi tí ọta ń bà mu. Níhìn-ín ni a ti nílò ìwọ̀n igun. Òbìrí kan ní dígírì 360. Bí a bá pín dígírì kan sí ọ̀nà 60, èyí tí a rí ni àwọn aṣèṣirò ń fi orúkọ ìṣẹ́jú pè ní èdè Òyìnbó. A kò gba olùtumọ̀ níyànjú láti pè é bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fún ní "ìṣẹ́jú 2" láti yìnbọn, tí wọ́n sì tún ní kí ó gbé ìwò sókè ní "ìṣẹ́jú 2", yóò dàrú. Ìdá-ọgọ́ta ni ó tọ́, nítorí pé ó sọ ohun tí ó jẹ́.

Ní mítà 25, ìdá-ọgọ́ta kan jẹ́ mìlímítà 7.3. Òṣùwọ̀n tí ẹ̀kọ́ náà ń retí ni kí agbo ihò má ju ìdá-ọgọ́ta 4 lọ, ìyẹn mìlímítà 29. Ọ̀pọ̀ awò ń yí díẹ̀díẹ̀, ó sì ń dún kẹ́ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. A fi ìró yìí ṣe ọ̀rọ̀: kẹ́. Bí kẹ́ kan bá jẹ́ ìdá mẹ́rin ìdá-ọgọ́ta, ìṣirò rẹ̀ nìyí. Àárín agbo ihò wà ní mìlímítà 29 nísàlẹ̀ àmì àti mìlímítà 15 lápá òsì. Ìyẹn jẹ́ ìdá-ọgọ́ta 4 sókè àti 2 sápá ọ̀tún. Kí a yí i ní kẹ́ 16 sókè àti kẹ́ 8 sọ́tùn-ún.

Ọ̀fìn kan wà níbí fún olùtumọ̀. Bí a bá kọ "gbé e sókè", kí ni a ó gbé? Bí ó bá jẹ́ ìwò ẹ̀yìn, ibi tí a bá gbé e sí ni ọta yóò lọ. Bí ó bá jẹ́ ìwò iwájú, òdìkejì ni: bí a bá gbé e sókè, ọta yóò lọ sísàlẹ̀. Nítorí náà kí ìwé máa dárúkọ ohun náà nígbà gbogbo, kí ó má ṣe fi "e" tàbí "rẹ̀" dípò rẹ̀.

8. Ọ̀rọ̀ àṣẹ lórí pápá

Kì ni ọ̀rọ̀ wa àtayébáyé fún fífi ọta sínú ìbọn, ó sì yẹ kí ó wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n a kò gbà pé kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣẹ. Lórí pápá, gbogbo ènìyàn ti di etí. "Ẹ kìbọn" àti "Ẹ yìnbọn" jọra jù létí ẹni tí ó di etí: ìparí wọn kan náà ni, ohùn wọn kan náà ni. Ẹni kan lè máa yìn nígbà tí a ní kí ó máa kì. Àbá wa ni pé kí olùkọ́ máa sọ pé, "Ẹ ti apó bọ ìbọn", kí ó sì sọ pé, "Ẹ bẹ̀rẹ̀", nígbà tí àsìkò bá tó. Fún ìdúró, "Ẹ dáwọ́ dúró!" ni, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì rí ewu ni ó lè ké e.

Òfin mẹ́rin tí ẹ̀kọ́ náà ń tẹnu mọ́ nìyí. Kí ẹnu ìbọn máa kọjú síbi tí kò léwu nígbà gbogbo. Kí a má ṣe kì ìbọn títí a ó fi gbọ́ àṣẹ. Kí ìka jìnnà sí apátí títí ìwò yóò fi bọ́ sí orí àwòrán. Kí olúkúlùkù rí i pé àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ń pa òfin wọ̀nyí mọ́. Bí apátí bá ti lọ tí ìbọn kò sì dún, kí ẹnu rẹ̀ wà ní ìkọjúsí àwòrán fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30 kí a tó ṣí ilẹ̀kùn, nítorí pé iná lè máa jó pẹ̀lẹ́ nínú àkọ̀.

9. Àkójọ díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà

Àkọ̀ ọta: idẹ tí ó gba ẹ̀tù àti ọta mọ́ra.
Apátí: ohun tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún.
Apó ọta: ohun tí a to kátíríìjì sí, tí ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ìyẹ̀wù.
Aṣánálétí: tí oògùn iná rẹ̀ wà ní etí ìdí àkọ̀.
Ìbọn onílà: ìbọn tí a kọ ilà yíyí sí inú ọ̀pá rẹ̀.
Ìdá-ọgọ́ta: ìdá kan nínú ọ̀nà 60 dígírì kan.
Ìmúbámu: mímú ìwò bá ibi tí ọta ń bà mu.
Ìyẹ̀wù ọta: ihò ìdí ọ̀pá ìbọn tí kátíríìjì kan ń wọ̀ kí ó tó dún.
Kẹ́: ìyípo kan ṣoṣo lára awò tàbí ìwò.

10. Ìkádìí

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni olùkọ́ ní Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe, nígbà tí Òfin Ìbọn ọdún 1959 kò gba ẹnikẹ́ni láyè ní Nàìjíríà láti ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀ láìní ìwé àṣẹ. Ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ nílò wọn lójoojúmọ́. Oníròyìn eré ìdárayá nílò wọn nígbà Òlíḿpíìkì. Olùkọ́ físíìsì lè fi ìbọn onílà ṣàlàyé ohun tí ń pòòyì. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Amẹ́ríkà sì ń gbé láàárín àwọn tí ìbọn wà nínú ilé wọn. Òbí tí ó bá fẹ́ kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ ní èdè abínibí nílò ọ̀rọ̀ tí kò ní rú ọmọ lójú.

A kò sọ pé àbá wa ni òpin. Bí ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju apó lọ bá wà lẹ́nu àwọn ọdẹ ibì kan, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n fi í ránṣẹ́ sí wa. Ohun kan ni a kò lè yọ̀ǹda: kí a má ṣe fi orúkọ kan pe apó àti ìyẹ̀wù mọ́.